Lọ́ọ̀kì àbí LSD: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú dífù ọkọ̀ ńlá nígbà tí táyà kan bá bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn awakọ̀ típà, àwọn onímọ́tò àti àwọn mẹkáníìkì sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ sún mọ́wájú, torí nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn yín kò tóbi.

Ẹ gba irin yìí, kí ẹ máa tàtaré rẹ̀ fún ara yín. Ẹ fọwọ́ pa á. Ó rí bí àgbélébùú, apá mẹ́rin ló ní, jíà kéékèèké kan ló sì máa ń jókòó sára apá kọ̀ọ̀kan. Inú dífù típà kan, ìyẹn àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn ọ̀tún àti òsì, la ti yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ibi tí jíà ti ń jókòó yẹn, ó yẹ kó máa dán bí abẹ tuntun. Ẹ wo bó ṣe rí. Ó ti di aláwọ̀ aró, ó ti jẹ wọnú, èékánná yín á há sí i. Jíà tó wà ní apá kẹta lẹ̀ mọ́ ọn débi pé òòlù la fi lù ú kó tó kúrò. Típà yìí kò kọlu nǹkan kan o. Ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju èyí tó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ. Táyà apá kan ló bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn, dẹ́rẹ́bà wá tẹ tọ́tù tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná mọ́lẹ̀, táyà yẹn ń yí bí òòyì, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Súwíìṣì lọ́ọ̀kì, èyí tó ń so táyà ọ̀tún àti òsì pọ̀ kí wọ́n jọ máa yí, wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kìlọ̀ fún òun pé súwíìṣì yẹn máa ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀ kò purọ́. Súwíìṣì yẹn lè ba ọkọ̀ jẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà ti fọwọ́ kan ohun tí àìtẹ̀ ẹ́ ṣe. Láàárín méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí, nítorí pé nígbàkígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé, "Ọ̀gá, èwo ló dáa jù, ṣé lọ́ọ̀kì ni àbí LSD?", mo máa ń mọ̀ pé ohun tó fẹ́ bi mí gan-an ni pé èwo ni kò ní í jẹ́ kí òun ronú mọ́. Ọ̀kan nínú méjèèjì, LSD tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò nílò kí ẹ ronú, ṣùgbọ́n agbára tó lè fún yín ní òdiwọ̀n. Èkejì, lọ́ọ̀kì, máa fún yín ní gbogbo agbára tó wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ dẹ́rẹ́bà tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí dífù fi wà. Ẹ rántí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń yan bí ológun ní ọjọ́ àwọn ọmọdé. Bí ìlà wọn bá fẹ́ yà, ọmọ tó wà nínú a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ lójú kan, èyí tó wà ní ìta a máa na ẹsẹ̀ gbọọrọ kó lè bá ẹgbẹ́ dọ́gba. Ẹ fi okùn so ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ọ̀kan á ṣubú ni. Bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe rí.

Mo fẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí á wúlò fún wa níwájú. Láti àárín táyà ọ̀tún dé àárín táyà òsì lẹ́yìn típà tó nǹkan bíi 1.8 mítà. Bí ọkọ̀ bá yí ráńdábáọ̀ọ̀tù po lẹ́ẹ̀kan, táyà ìta á rin nǹkan bíi 11 mítà ju táyà inú lọ. Ráńdábáọ̀ọ̀tù yẹn ì báà tóbi bí pápá bọ́ọ̀lù, ì báà kéré bí àgbàlá, 11 mítà yẹn kò ní í yí padà. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Táyà 12.00R20 tí ọ̀pọ̀ típà ń lò máa ń rin nǹkan bíi 3.5 mítà bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé táyà ìta gbọ́dọ̀ yí ju ti inú lọ ní ìgbà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ibo ni ìyípo mẹ́ta yẹn fẹ́ gbà wá bí irin kan ṣoṣo bá so àwọn méjèèjì pọ̀? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń ṣe aago, Onésiphore Pecqueur, ló yanjú rẹ̀ ní 1827 fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn, ohun tó ṣe yẹn la ṣì ń lò.

Pùrọ̀pẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn, ń yí jíà kékeré tí à ń pè ní píníọ̀nù, píníọ̀nù ń yí jíà ńlá tí à ń pè ní kúráùn wíìlì, kúráùn wíìlì ló gbé àgbélébùú tó wà lọ́wọ́ yín yẹn àti àwọn jíà kéékèèké rẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kéékèèké yìí ló ń ti jíà ńlá méjì tó wà ní orí áàfù ṣáàfù méjèèjì, àwọn irin tó ń yí táyà ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, àwọn jíà kéékèèké kì í yí lórí apá wọn rárá, gbogbo wọn jọ ń bá kúráùn wíìlì yí po ni. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yà kọ́nà nìkan ni wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń bu ìrìn lọ́wọ́ táyà inú fún ti ìta. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó ń dé ibẹ̀, ti ìyípo díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí táyà kan bá dúró pátá tí èkejì ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀, èyí tó ń yí náà á máa sáré ní ìlọ́po méjì kúráùn wíìlì, àwọn jíà kéékèèké yẹn á sì máa yí kíkankíkan lórí apá tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ́ìlì. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ohun tó sọ àgbélébùú yẹn di aláwọ̀ aró nìyẹn.

Ẹ̀bi kejì tí dífù tí kò ní lọ́ọ̀kì ní ni pé ó ń pín agbára ní ọgbọọgba. Ẹ lè rò pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Ẹ jẹ́ ká ní táyà òsì wà nínú ẹrọ̀fọ̀, agbára tí ilẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yọ̀ kò ju 200 lọ. Táyà ọ̀tún wà lórí yangí gbígbẹ, òun lè gba 2000. Dífù á wo èyí tí kò ní, á fún un ní 200, á sì fún olówó náà ní 200. Ẹ ní 400 péré láti fi ti ọkọ̀ tó gbé òkúta. Bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju èyí lọ síbẹ̀, 400 náà ni. Títẹ tọ́tù kò lè fi ọ̀kan kún un.

Ẹ jẹ́ kí 200 àti 2000 yìí wà lọ́kàn yín, torí òun la máa fi wọn àwọn méjèèjì.

Lọ́ọ̀kì so áàfù ṣáàfù méjèèjì pọ̀ bí irin kan. Kò sí pínpín mọ́. Èyí tó wà lórí yangí á lo 2000 tirẹ̀, èyí tó wà nínú ẹrọ̀fọ̀ á lo 200 tirẹ̀, àpapọ̀ 2200. Bí táyà òsì bá gbéra kúrò nílẹ̀ pátápátá, 2000 ti ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀ fún yín.

Límítẹ́ẹ̀dì sílípù, tí gbogbo wa ń pè ní LSD, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Inú èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àwọn àwo irin pẹlẹbẹ wà, wọ́n tò wọ́n léra bí àwo kílọ́ọ̀ṣì. Ìdajì wọn so mọ́ jíà áàfù ṣáàfù, ìdajì so mọ́ kéèsì dífù, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n mọ́ra. Bí táyà kan bá fẹ́ sáré ju èkejì lọ, àwọn àwo yìí á máa ha ara wọn, ìhára yẹn á fa agbára lọ́wọ́ èyí tó ń sáré, á gbé e fún èyí tó dúró. Ṣùgbọ́n kì í fún un ní gbogbo ohun tó lè gbà. Ọ̀pọ̀ LSD máa ń fún ẹsẹ̀ tó dúró dáadáa ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ lè gbà. Ẹ bá mi ṣírò: 200 ti ẹrọ̀fọ̀, 600 fún ti yangí, ó di 800. Ó sàn ju 400 lọ ní ìlọ́po méjì. Kò sì dé ìdajì 2200.

Ẹ wá ronú ibi tí táyà kan ti gbéra nílẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta òfo, òfo náà ni. Ìwọ̀nba tí sípíríǹgì inú rẹ̀ ń tì ló kù, ìyẹn kò sì lè yọ ọkọ̀ tó gbé ẹrù. Irú LSD kan wà tó jẹ́ jíà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò ní àwo, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Torsen lorúkọ rẹ̀. Vernon Gleasman ní Amẹ́ríkà ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1958. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yẹn púpọ̀, nítorí jíà rẹ̀ kì í tètè jẹ bí àwo ṣe ń jẹ. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi í sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ Humvee wọn. Síbẹ̀, bí táyà kan bá gbéra, òfo náà ló ń sọ di púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ awakọ̀ Humvee pé kó fi ẹsẹ̀ kan rọra tẹ bíréèkì bó ti ń tẹ tọ́tù lọ. Bíréèkì yẹn á fún táyà tó wà lófuurufú ní nǹkan tí yóò máa bá jà, dífù á wá rí nǹkan tó lè sọ di ìlọ́po. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní LSD lára ọkọ̀ yín, ẹ dán an wò. Ẹ rọra tẹ bíréèkì o, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí LSD ti dára ni ibi tí ẹ kò ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Láti orí ìsáré ni wọ́n ti bí i. Ní Jámánì, Ferdinand Porsche ṣe ọkọ̀ ìdíje fún ilé-iṣẹ́ Auto Union, agbára ẹ́ńjìnnì yẹn pọ̀ débi pé táyà ẹ̀yìn kan ṣáà ń yọ̀ lórí ìsáré gan-an, ní 1935 ó wá ní kí ilé-iṣẹ́ ZF bá òun ṣe dífù tí yóò dá a dúró. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹrọ̀fọ̀ ló mú wọn ronú kàn án. Orí títì ni. Hilux tó ń gba orí ọ̀dà tí òjò rọ̀ sí, tí táyà kan ń gun etí títì tó ti jẹ, tó ń gun òkè tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú ẹ̀: LSD á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, dẹ́rẹ́bà á máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Bó bá yà kọ́nà, LSD á jẹ́ kó yà. Kò sí súwíìṣì tí yóò gbàgbé.

Àmọ́ LSD tó ní àwo ní ẹ̀bi kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ó máa ń kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àwo yẹn ń ha ara wọn ní gbogbo kọ́nà tí ẹ bá yà, wọ́n ń jẹ, títí ọjọ́ kan tí kò ní í sí ìhára mọ́. Kò ní í pariwo. Ọkọ̀ á máa lọ bó ti ń lọ, ó kàn ti di dífù lásán ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ LSD sí lára, ẹ̀yìn tí àwo wọn ti jẹ tán ni wọ́n ti wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tún wà. LSD tó ní àwo fẹ́ ọ́ìlì tirẹ̀, èyí tó ní èròjà tí ń jẹ́ kí àwo ha ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù, ẹ máa ń rí "LS" tàbí "Limited Slip" lára rẹ̀. Bí ẹ bá da ọ́ìlì jíà lásán sí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n gbì-gbì-gbì bó bá ń yà kọ́nà tóóró, pàápàá tí ẹ bá ń wọ ọgbà ilé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti paarọ̀ bíárìn, tí wọ́n paarọ̀ pùrọ̀pẹ́là, nítorí ariwo tí ọ́ìlì tó tọ́ ì bá mú kúrò.

Ìdí rèé tí ẹ kò fi ní í rí LSD púpọ̀ lára típà ńlá. Ẹrù tọ́ọ̀nù mélòó kan lórí ásùlù, irin ìdábùú tó gbé táyà ọ̀tún àti òsì, kọ́nà tóóró ní gbogbo ọjọ́: àwo wo ló fẹ́ fara dà á? Típà, lọ́ọ̀kì ni wọ́n fi sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti lọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ wa ló ní in tí a kò mọ̀ ọ́n.

Típà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá bíi Howo, tí ásùlù ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ń fa ọkọ̀, dífù mẹ́ta ló ní. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú ásùlù kọ̀ọ̀kan, tó ń pín agbára fún ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀kẹta wà ní orí ásùlù àkọ́kọ́ níbi tí pùrọ̀pẹ́là ti wọlé, òun ló ń pín agbára láàárín ásùlù àkọ́kọ́ àti èkejì. Bí gbogbo wọn bá wà ní ṣíṣí, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ẹ̀yìn tó bọ́ sínú àbàtà ti tó láti dá gbogbo ọkọ̀ náà dúró. Nítorí náà ni súwíìṣì fi ń jẹ́ méjì lórí ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀kan ń so ásùlù mọ́ ásùlù. Èkejì ń so ọ̀tún mọ́ òsì. Ẹ lọ wo àwòrán ara súwíìṣì yín lónìí kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ mọ èwo ni èwo. Ti ásùlù sí ásùlù la ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tó, a tẹ ti ọ̀tún sí òsì. Nígbà tí a bá ń yọ ọ́, ti ọ̀tún sí òsì la ń kọ́kọ́ yọ, nítorí òun ló le jù lórí ọkọ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ bíréèkì yẹn náà ló ń ti irin eléyín kan wọnú irin eléyín kejì. Eyín yẹn fẹ́ kí méjèèjì dúró, tàbí kí wọ́n máa yí ní ìwọ̀n kan náà, kó tó wọ̀. Bí táyà kan bá ń yí kíkankíkan tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí ẹ fi ọwọ́ há fáànù ni. Eyín á kán, tàbí áàfù ṣáàfù á já lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ ẹrọ̀fọ̀. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ ná, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ jẹ́ kí táyà dúró pátá, ẹ tẹ súwíìṣì, ẹ dúró kí iná rẹ̀ tàn, ẹ wá fi jíà kìíní rọra fà á. Àwọn tó ń ṣe ásùlù ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí ọkọ̀ tí lọ́ọ̀kì ọ̀tún sí òsì rẹ̀ wà lórí má kọjá máìlì 25 ní wákàtí kan, nǹkan bíi kìlómítà 40. Lójú tèmi, bó bá ti lè sáré tó 40, kò nílò lọ́ọ̀kì mọ́.

Mo ní ohun tí ojú mi rí lórí èyí. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi rán mi lọ bá wọn wo típà kan tó há sínú ẹrọ̀fọ̀. Òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó tẹ lọ́ọ̀kì. Ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, a pàtẹ́wọ́, mo gun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú mi dùn. Kò sí ẹni tó rántí súwíìṣì. Iná pupa kékeré yẹn ń tàn lójú wa méjèèjì. A gba orí ọ̀dà, ọ̀nà náà tọ́, kò sóhun tó ṣe. Ìgbà tí a dé ráńdábáọ̀ọ̀tù ni sítíàrín di líle, ọkọ̀ kọ̀ láti yà, táyà ẹ̀yìn ń ké bí ẹran. Dẹ́rẹ́bà fún un níná kó lè yà. A gbọ́ gbàà! Ọkọ̀ kò lọ mọ́. Nígbà tí a fa áàfù ṣáàfù jáde, eyín orí rẹ̀ ti lọ́ bí irun dídì kó tó já. Mítà 11 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Lórí ẹrọ̀fọ̀, táyà á yọ̀, 11 mítà á wọlẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ pẹ̀lú ẹrù òkúta, táyà kò lè yọ̀, irin ló máa san gbèsè náà. Owó áàfù ṣáàfù yẹn, ọ̀gá mi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oúnjẹ mi, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Nígbà mìíràn ẹ lè pa súwíìṣì kí iná rẹ̀ ṣì máa tàn. Àwọn eyín yẹn há mọ́ra nítorí pé áàfù ṣáàfù ti lọ́ díẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ẹ fi ọkọ̀ sẹ́yìn bíi mítà méjì, tàbí kẹ́ ẹ yí sítíàrín díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bẹ́ ẹ ti ń rọra lọ, á jáde.

Ohun kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn lọ́ọ̀kì kì í sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo yín. Lọ́ọ̀kì lè gbé ọkọ̀ yín sínú kòtò. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀nà oko, amọ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ọ̀nà náà dagun sápá kan. Bí dífù yín bá wà ní ṣíṣí, táyà kan ló máa yọ̀, èkejì tí kò yí á dúró bí èèkàn, á di ìdí ọkọ̀ mú kó má fì. Ọkọ̀ há, ṣùgbọ́n ó wà lójú ọ̀nà. Bí lọ́ọ̀kì bá wà lórí, àwọn méjèèjì á jọ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò di ìdí mú mọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rọra máa lọ síhà ibi tó rẹlẹ̀. Àwọn tó ń wa agbégilódò jáde nínú igbó Oǹdó mọ ohun tí mò ń sọ. Gẹdú tó ga lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní í dúró dè yín. LSD tó le náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ ni. Lórí irú ọ̀nà yẹn, mo máa ń gba awakọ̀ níyànjú pé kó so ásùlù mọ́ ásùlù, kó fi ti ọ̀tún sí òsì sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí mọ́tò bọ́ọ̀yì bọ́ sílẹ̀ wo ẹ̀yìn fún un.

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì, n ò ní í pẹ́ lórí wọn. Ilé-iṣẹ́ Eaton ń ṣe ọ̀kan fún àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ GM ti Amẹ́ríkà láti 1973 tó máa ń ti ara rẹ̀: bí táyà kan bá fi nǹkan bíi ìyípo 100 láàárín ìṣẹ́jú kan sáré ju èkejì lọ, á tì, bí ọkọ̀ bá sì ti ń lọ ju nǹkan bíi máìlì 20 ní wákàtí kan, kò ní í tì. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ súwíìṣì. Ẹni tó bá ń fi í dá ẹrọ̀fọ̀ lóró pẹ̀lú tọ́tù, ó máa ń fọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn Hilux tuntun tún ń fi kọ̀ǹpútà tẹ bíréèkì táyà tó bá ń yọ̀, bí ìgbà tí awakọ̀ Humvee ń fi ẹsẹ̀ ṣe é. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bíréèkì ló ń jó.

Kí wá ni mo máa rà bó bá jẹ́ owó mi? Típà, ọkọ̀ gẹdú, ọkọ̀ tó ń wọ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta: lọ́ọ̀kì, láìsí àríyànjiyàn, ti ásùlù sí ásùlù àti ti ọ̀tún sí òsì. Hilux tó ń gbé òṣìṣẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ìṣẹ́yìn, tó ń gba ọ̀nà ọ̀dà ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀: LSD tó yè, pẹ̀lú ọ́ìlì tirẹ̀. Hilux tó ń wọ oko kòkó nínú òjò: lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó ní súwíìṣì, kí ó wà ní ṣíṣí títí tí wọ́n á fi nílò rẹ̀. Ọkọ̀ tí awakọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń gùn, tí ọ̀gá kò lè kọ́ gbogbo wọn, LSD ni màá fi sí i bí ọkọ̀ náà bá kéré, torí kò sí súwíìṣì tí ẹnikẹ́ni á gbàgbé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀gá kan dìde, ó ní òun ti gbọ́ pé ẹlòmíràn máa ń ní kí wẹ́dà jó àwọn jíà kéékèèké yẹn pọ̀, kó di lọ́ọ̀kì ọ̀fẹ́. Mo dúpẹ́ pé ó bi mí. Lọ́ọ̀kì nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní súwíìṣì. Gbogbo ráńdábáọ̀ọ̀tù, gbogbo kọ́nà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ inú ọgbà, táyà tàbí irin á san 11 mítà yẹn. Nínú òjò, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa fì lórí ọ̀dà láìròtẹ́lẹ̀, bí irin wẹ́dà yẹn bá sì fọ́ lórí ìsáré, àfọ́kù rẹ̀ á bọ́ sáàárín píníọ̀nù àti kúráùn wíìlì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é lára ọkọ̀ tó ń gba títì tí àwọn ọmọ wa ń gbà.

Ọ̀gá mìíràn ní LSD wà lára Hilux tòun, wọ́n kọ ọ́ sí i lára, òun fi ojú ara òun rí i nígbà tóun rà á. Mo ní ká jáde lọ wò ó. A fi òkúta há táyà iwájú méjèèjì, a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, a gbé e lé ẹsẹ̀ irin kó má bàa ṣubú lé ẹnikẹ́ni, a yọ jíà, a tú háńbíréèkì. Mo ṣàlàyé kí a tó fọwọ́ kàn án: bí a bá yí táyà ọ̀tún síwájú tí ti òsì náà yí síwájú, àwo inú rẹ̀ ṣì ń di ara wọn mú. Bí ti òsì bá yí sẹ́yìn, kò sí ìhára níbẹ̀ mọ́. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di táyà ọ̀tún mú, ó yí i síwájú. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wo òsì.

Ó ń yí sẹ́yìn, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀.

Ọ̀gá yẹn dúró ti táyà náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá bi mí bóyá a lè rí àwo rẹ̀ rà ní ọjà Ládípọ̀ kí òjò tó le.